Gàrí Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kò sí ẹni tí kò mọ̀ mí sí òpùrọ́, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Mo ti sọ fún wọn pé ẹja kan ní Mákùn-Omi ló gbé mi sẹ́yìn nígbà tí mò ń lọ sí Àbíjàn, wọ́n gbà. Mo ní búrẹ́dì ọ̀hún gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin kan fi ọ̀kan ṣe àkàbà gun òrùlé, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu pé èmi yìí fi gàrí ránṣẹ́ láti Àbíjàn wá sí Ìjẹ̀bú, wọ́n á dìde, wọ́n á gbọn ìdí aṣọ wọn, wọ́n á ní, "Bàbá, ti òní yìí ti pọ̀ jù." Gàrí, sí Ìjẹ̀bú. Ta ló ń pọn omi lọ fún ọ̀sà?

Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni òótọ́ tó wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mi kò ju púráímárì mẹ́rin lọ, tí tíṣà mi sì máa ń sọ pé ìwé tí mo kọ dà bí ìgbà tí adìyẹ méjì jà nínú yíǹkì.

Bí mo ṣe dé Àbíjàn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún ẹja yẹn. Ohun tó lé mi kúrò nílé ni mo lè sọ. Iṣẹ́ pákó ni mo ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti ìgbà èwe mi. Nígbà tó yá, igi ńlá tán nínú igbó, ẹ̀rọ ìlagi ń ké lórí igi tí kò tó apá ọmọdé. Ìyàwó mi kú. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún mi nínú ọmọ ìyá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Mọ́ríámọ̀, opó ni òun náà, abúlé Mamu nítòsí wa ló ń gbé, gàrí ló ń ṣe bí ìyá wa ti ṣe é. Ọjọ́ tí mò ń lọ, kò sunkún. Ó di gàrí fún mi nínú àpò, ó so ẹnu rẹ̀ ní ìdì mẹ́ta, ó ní, "Ibi yòówù kó o dé, bí wọn ò bá ní oúnjẹ, ìwọ ní."

Mo dé ọ̀hún, ẹnu mi di ti ọmọ ọwọ́. Faransé ni wọ́n ń sọ, n kò gbọ́ ju ìkíni lọ. Ẹ wo ìyà òpùrọ́ tí kò gbọ́ èdè: irọ́ kún inú mi dẹ́nu, kò sí ibi tí mo lè tú u sí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi ń sọ òótọ́ nìkan, nítorí òótọ́ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. "Omi." "Ó dùn mí." "Mélòó?" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Orúkọ tí wọ́n ń pè mí tún yàtọ̀. Nílé, Ìjẹ̀bú ni mí, n kì í ṣe Ẹ̀gbá, n kì í ṣe Oǹdó, bí o bá sì pè mí ní ará Ìjẹ̀bú-Òde, màá tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún ọ. Ní Àbíjàn, Ànàgó ni gbogbo wa. Mo kọ́kọ́ bínú. Ìgbà tó yá, mo rí i pé ẹni tí kò ní ẹnìkan tó mọ ojúlé bàbá rẹ̀, orúkọ tí wọ́n bá fún un ni yóò fi bora.

Ilé búrẹ́dì ni mo ti ríṣẹ́. Wọ́n wo orí mi, wọ́n rí ewú, wọn ò jẹ́ kí n ru àpò ìyẹ̀fun. Gbígbá ilẹ̀ àti gbígbọn àpò òfìfo ni wọ́n fún mi. Àpò tí wọ́n bá ti da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ tán, èmi ni màá gbọn ún sórí páànù kí èyí tó há sínú rẹ̀ má ṣòfò. Tí mo bá jáde lọ́sàn-án, mo funfun láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò pé òyìnbó ni mo ti dà báyìí, ilé ni mo fẹ́ lọ.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì náà ni Ajua ń gbé àtẹ oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ sí. Obìnrin ibẹ̀ ni, ó sanra, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi. Atíẹ́kẹ́ ló ń tà. Ẹ̀gẹ́ náà ni: wọ́n á bó o, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n dípò kí wọ́n yan án bíi gàrí, ooru omi ni wọ́n fi ń sè é. Yóò rí wóróworó, wọ́n á fi ẹja díndín tì í. Ó dùn. Ìgbà tí mo ti gbọ́ Faransé díẹ̀, mo bi í pé alẹ́ mélòó ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ fi wà lábẹ́ òkúta kó tó sè é.

Ó ní, "Alẹ́ kan."

Mo gbé abọ́ sílẹ̀. "Alẹ́ kan? Níbi tí wọ́n bí mi sí, alẹ́ kan la fi ń bá ẹ̀gẹ́ kẹ́dùn pé wọ́n wa á nílẹ̀. Alẹ́ kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìpẹ̀. Alẹ́ karùn-ún ló ń kan."

"Tọ́ntọ́n, kí lẹ fẹ́ fi kíkan ṣe?" Tọ́ntọ́n ni wọ́n ń pe àgbàlagbà níbẹ̀, bí àwa ṣe ń sọ pé bàbá.

"Kíkan ni gàrí. Èyí tó kù, ìyàngbò ni. Gàrí ẹ̀gbọ́n mi kan tó bẹ́ẹ̀ tí ẹkùn kan ní igbó Mamu jí i jẹ, ojú rẹ̀ kò tíì tú dòní. Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà oko, mo rò pé ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, mo dá a lóhùn."

Ajua rẹ́rìn-ín títí ṣíbí fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọjọ́ tí gàrí yẹn bá dé, ẹ pè mí. Bí kò bá kan, ẹ̀yin lẹ ó máa fọ ìkòkò mi."

"Bó bá kan ńkọ́?"

"Màá gbà pé ẹ rí ẹkùn."

Ẹ má rò pé eré lásán ni kíkan yìí. Ìyá wa kì í yan ẹ̀gẹ́ tí kò bá tíì lo alẹ́ márùn-ún lábẹ́ òkúta. Ọdún kan wà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, tí ìkòkò wa ṣófo, tí ẹ̀gẹ́ sì wà nínú àpò tó ti lo alẹ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká yan án bẹ́ẹ̀. Ìyá wa ní ká lọ tọrọ iṣu lọ́wọ́ ará ilé kejì. Ó wá wí fún wa pé, "Bí ẹ bá rí gàrí Ìjẹ̀bú tí kò kan, ẹ má bú ẹni tó ṣe é. Ẹ lọ wo ilé rẹ̀, nǹkan ń ṣe wọ́n."

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti kírun, ni mo máa ń pe Mamu. N kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo máa ń tẹ́tí. Màá gbọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, tọ̀-tọ̀-tọ̀ bí ọkùnrin tó ń ṣàròyé. Màá gbọ́ igbá lórí agbada tí wọ́n fi ń yan gàrí, ṣẹ̀rẹ̀ṣẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wà lókèèrè ni yóò mọ̀ pé ariwo ilé dùn ju ohùn ènìyàn lọ.

"Ṣé o ti jẹun?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn nígbà gbogbo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, búrẹ́dì ni mo fi ṣe ìrọ̀rí sùn lánàá."

"Bọ́tà ńkọ́?"

"Bọ́tà ni mo fi ń para."

"Òpùrọ́ ọmọ ìyá mi," yóò wí, yóò rẹ́rìn-ín, inú mi yóò sì dùn di Jímọ̀ mìíràn. Irọ́ ni ẹ̀bùn tí mo ní láti fi ránṣẹ́ nígbà náà.

Lẹ́yìn náà ni àrùn dé, wọ́n ti ibodè. Alájà kan wà, obìnrin ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, tó ń ná ọjà Àbíjàn láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló máa ń bá mi gbé gàrí wá láti ilé. Kò lè kọjá. Gàrí mi lọ sílẹ̀ nínú àpò títí mo fi ń fi ṣíbí tíì bù ú, n kò mu ún, mo kàn ń tọ́ ọ wò kí ahọ́n mi má gbàgbé. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣí ibodè, ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó kan tó ń gbin àlìkámà. N kò mọ orúkọ ìlú wọn pè dáadáa. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìbọn ń dún níbi tí ẹsẹ̀ mi kò lè tẹ̀ láéláé, búrẹ́dì tó wà lọ́wọ́ mi ní Àbíjàn sì ń fún. Ó kọ́kọ́ fún bí apá, ó fún bí ọrùn ọwọ́, ó kù díẹ̀ kí n máa fi ta eyín. Ọ̀gá wa ní kí n gbọn àpò òfìfo lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún ní lẹ́ẹ̀mẹta. Mo gbọn wọ́n títí lẹ́tà ara àpò fi ń já bọ́ sínú ìyẹ̀fun, àwọn oníbàárà sì ń jẹ A, B, D.

Bí wọ́n ṣe dá àwọn kan dúró nìyẹn. Èmi, wọ́n ní kí n máa wá ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta tí mò ń jẹ lójúmọ́ di ẹ̀ẹ̀kan. Mo di ìgbànú mi ní ihò tuntun, mo tún fi ìṣó lu òmíràn.

Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé oúnjẹ ìlú kọ̀ọ̀kan, ti ìlú náà ni. Òjò rọ̀ fún yín, ẹ jẹ. Kò rọ̀, ẹ gbààwẹ̀. Ìgbà yìí ni mo rí i pé abọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo ayé gbé sáàárín, ẹnì kan tí a kò mọ̀ rí ló yí i ní òpin ọ̀hún, àwa la fi aṣọ nu ọbẹ̀. Nítorí ohun kan náà ń ṣe wọ́n nílé. Àwọn tó ń lọ sílé ń ròyìn. Búrẹ́dì wọ́n, gbogbo ènìyàn yí sí gàrí. Epo pẹtiróòlù wọ́n, ọkọ̀ ojú omi so mọ́ èèkàn ní Òde-Omi, ẹja kò dé ọjà. Ajílẹ̀ wọ́n, oko ń pọ́n. Lọ́rì wá ń wọ Mamu láti ìlú tí wọn ò mọ̀, wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́ lórí ìdúró, tó gbó, tí kò gbó.

Jímọ̀ mẹ́ta tẹ̀ léra, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ́tí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Afẹ́fẹ́ nìkan. Ní ẹ̀kẹta, mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò gbọ́ ẹ́ńjìnnì."

"Ó ń sinmi."

"Láti Jímọ̀ mẹ́ta?"

"Òun náà ti dàgbà. Ìwọ, ṣé o ti jẹun?"

"Mo yó débi pé mò ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn."

"Àwa náà yó. A se ìkọ́kọrẹ́ lánàá, a jẹ ẹ́ kù, mo da ìyókù fún adìyẹ."

"Adìyẹ wo? Ẹ sọ lóṣù tó kọjá pé ẹ ti ta wọ́n tán."

"Adìyẹ ará ilé kejì."

Látọjọ́ náà, ọkàn mi kò balẹ̀. Bí mo bá ń gbọn àpò, adìyẹ ará ilé kejì ni mò ń rò. Ta ló ń fi ìkọ́kọrẹ́ bọ́ adìyẹ ẹlòmíràn nígbà ọ̀wọ́n? Ẹni tó mọ irọ́ pa ni yóò mọ irọ́ tí wọn kò pa dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í pé ṣé ebi ń pa yín, yóò sọ pé rárá, nítorí òun ni ẹ̀gbọ́n. Ni mo bá dá ọgbọ́n kan, òun ni mo ṣì ń kábàámọ̀ dòní.

Mo ní kí n béèrè gàrí. Mo rò ó pé bí kò bá sí, yóò sọ pé kò sí, màá sì mọ̀. Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo sọ ọ́ bí ẹni ń ta ayò: "Ẹ̀gbọ́n mi, Alájà ń gbéra wá síbí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ bá mi di gàrí díẹ̀. Obìnrin kan wà níbí tí mo fẹ́ dójú tì."

Kò ronú. "Ó dáa," ó wí. "Màá fún Alájà."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní gàrí wà nílé nìyẹn. Ẹ wo òmùgọ̀ àgbà. Mo gbàgbé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ lè gba ẹran lẹ́nu kìnnìún, ṣùgbọ́n ẹ kò lè gba "n kò ní" lẹ́nu ẹ̀gbọ́n tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú, tí àbúrò rẹ̀ béèrè oúnjẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Alájà dé, mo pe gbogbo ènìyàn. Ajua gbé àga rẹ̀ wá síwájú. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun jáde pẹ̀lú ọwọ́ funfun. Mo ní kí wọ́n ra omi tútù, ṣúgà, ẹ̀pà. Mo kìlọ̀ fún ẹni tí eyín rẹ̀ kò bá dúró dáadáa kó jìnnà. Mo tú ìdì mẹ́ta ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ìdì náà bí mo ṣe mọ ojú rẹ̀. Mo bu gàrí sínú abọ́, mo da omi sí i, mo gbé ṣíbí kan sẹ́nu níwájú gbogbo wọn.

Kò kan.

Mo tún bù ú. Mo jẹ́ kó dúró lórí ahọ́n. Fọ́nrán tín-ín-rín wà nínú rẹ̀ bí irun, ti gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ tí kò tíì gbó. Ó dùn pẹ̀rẹ̀, bí nǹkan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí.

Ajua gba abọ́, ó tọ́ ọ wò, ó pàtẹ́wọ́. "Tọ́ntọ́n, tiwa rèé. Alẹ́ kan."

"Alẹ́ méjì," mo wí. Ìka ni mo ń fi kà á lábẹ́ aṣọ. Jímọ̀ ni mo béèrè. Sátidé ló wa ẹ̀gẹ́, ó bó o, ó rin ín. Alẹ́ Sátidé, alẹ́ Àìkú. Ọjọ́ Ajé ló yan án. Ìṣẹ́gun, Alájà gbé e. Bí gàrí bá wà nílé, èyí tó ti pé ni yóò bù fún mi. Kò sí. Ẹ̀gẹ́ tó kù nílẹ̀ ló wa.

"Ẹkùn yín ńkọ́?" ẹnì kan béèrè, gbogbo wọn sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ooru ibodè ló jẹ kíkan rẹ̀," mo wí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo di àpò náà padà, ìdì mẹ́ta. Ẹ lọ wo ilé rẹ̀, nǹkan ń ṣe wọ́n. Bí ìyá wa bá ti dúró lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ kò lè mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò dúró de Jímọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn ilé búrẹ́dì, mo pe Mamu. Mo ti pinnu láti bi í tààrà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀, àṣà mi bọ́ síwájú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, gàrí yín dé. Ó kan débi pé obìnrin yẹn di ojú, títí di ìsinsìnyí kò tíì là á."

Ó pòṣé.

"Kò kan," ó wí.

"Ó kan, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi ni mo ṣe é. Alẹ́ méjì ló lò. Báwo ló ṣe máa kan?" Ohùn rẹ̀ wá yí padà. "Bó o bá lè purọ́ fún mi lórí gàrí tí mo fi ọwọ́ mi yan, àwọn búrẹ́dì yẹn ńkọ́? Bọ́tà yẹn ńkọ́? Ṣé ò ń jẹun níbẹ̀ ṣá?"

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bó ṣe tú nìyẹn. Àwọn onílọ́rì ti ra oko rẹ̀ lórí ìdúró, ohun tí wọ́n san kò sì ra oúnjẹ ju oṣù kan ààbọ̀ lọ, nítorí ọjọ́ tí wọ́n san án ni ọjà tún fò sókè. Ó fi ẹ̀gẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé, èyí tí yóò máa jẹ títí òjò yóò fi rọ̀. Òun ló wa fún mi.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Àbúrò mi ló béèrè."

"Igi rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti gé e, mo gbìn ín. Ṣé o rò pé orí mi dàrú ni?"

"Yóò tó ọdún kan kó tó ṣe é jẹ. Kí lẹ̀ ń jẹ báyìí?"

"Sùúrù," ó wí. "Òun gan-an ló kan."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Ajua rí mi níbi tí mo jókòó sí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láìfi ẹkùn kankan sí i. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ pàdánù. Ìkòkò ń dúró dè yín."

Mo fọ ìkòkò. Ní ọjọ́ mẹ́rin tí wọn kò nílò mi nílé búrẹ́dì, ẹ̀yìn àtẹ Ajua ni mo wà, mò ń bó ẹ̀gẹ́, mò ń rù, mò ń fọ. Àbúrò rẹ̀ ló ń kó ẹ̀gẹ́ wá fún un láti abúlé wọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ó na ọwọ́ sí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ méjì, ó ní, "Tiyín. Ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú yín, ká rí i."

Mo rin ín, mo dì í sí àpò, mo gbé òkúta lé e. Ajua ń gbà mí láyè, ṣùgbọ́n ní alẹ́ kẹta, òórùn bẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń di imú. "Ó ti bàjẹ́," Ajua wí. Mo ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́n ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kọ́ nìyẹn. Alájà ti di ẹrù rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ń padà sílé, kò sì ní tún wá títí oṣù méjì.

Mo lọ bá a. Mo wò ó pé bí mo bá yan án lónìí, yóò lọ, ẹ̀gbọ́n mi yóò rí nǹkan jẹ. Ebi kò mọ kíkan. Bí mo bá sì dúró, Alájà lè lọ, gàrí dídára yóò wà ní Àbíjàn, ẹ̀gbọ́n mi yóò máa jẹ sùúrù ní Mamu. Mo sọ gbogbo èyí fún un.

Alájà tẹ̀lé mi dé ìdí àpò, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa òórùn rẹ̀ símú bí ẹni tó wọ ilé ìyá rẹ̀. Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni, kò sí ohun tí mo lè sọ fún un nípa ẹ̀gẹ́.

"Ó ku alẹ́ méjì," ó wí.

"Alájà, ẹ̀yin ń lọ lọ́la."

"Ta ló sọ fún yín? Ṣé kí n wá gbé gàrí tí kò kan wọ Ìjẹ̀bú, kí wọ́n rí mi? Ẹ jókòó, ẹ máa ṣọ́ òkúta yín."

Ó dúró. Alẹ́ márùn-ún pé. Mo kù ú, mo yan án lórí iná Ajua, èéfín bọ́ sí mi lójú, mo sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé èéfín ni. Mo so ìdì mẹ́ta. Alájà gbé e lọ. Ó padà wá sọ fún mi pé nígbà tí òṣìṣẹ́ ibodè bi í pé kí ló wà nínú àpò, tó ní gàrí ni, tó ní Ìjẹ̀bú ló ń lọ, ọkùnrin náà pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n wá wo ìyá tí orí rẹ̀ dàrú. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni n kò fi gbúròó. Mo pe Mamu, kò wọlé. Mo tún pè é, ó ń dún, kò sí ẹni tó gbé e. Àpò tí mo gbọn láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀gá wa ní ó ti tó, ó ti tó, ṣé mo fẹ́ gbọn awọ ara rẹ̀ jáde ni.

Jímọ̀ dé. A kírun tán, mo jókòó sẹ́yìn ilé búrẹ́dì, mo pè. Ó gbé e.

"Dúró," ẹ̀gbọ́n mi wí. Kò sọ nǹkan mìíràn.

Mo gbọ́ omi tó ń dà sínú abọ́. Mo gbọ́ ṣíbí. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan, mo di tẹlifóònù mọ́ etí títí etí fi ń dùn mí. Níkẹyìn ló fa èémí láàárín eyín, fíìì, bí ẹni tí ọsàn ta sí lójú.

"Ó kan," ó wí. Ó tún bu òmíràn. "Ó kù díẹ̀ kó kan jù. O fi alẹ́ kan lé e?"

"Márùn-ún péré ni."

"Irọ́."

"Ẹ bi Alájà."

Ó ń jẹ. Mo ń gbọ́ ọ, n kò fẹ́ kó sọ̀rọ̀, mo fẹ́ kó máa jẹ lọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ni. Ṣíbí dúró.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o ti jẹun?"

Bọ́tà ti dé orí ahọ́n mi. Búrẹ́dì gígùn ti wà lẹ́nu mi, pẹ̀lú àkàbà, pẹ̀lú òrùlé.

"Rárá," mo wí. "N kò tíì jẹ láti àárọ̀."

"Gàrí tí mo fún ẹ ńkọ́?"

"Ó wà bẹ́ẹ̀. N kò lè jẹ ẹ́."

"Lọ bù ú. Màá dúró."

Mo lọ, mo tú ìdì mẹ́ta rẹ̀, mo bu gàrí rẹ̀ tí kò kan, mo da omi sí i. Ó gbé tẹlifóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ní Mamu, èmi náà gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ní Àbíjàn. Ṣíbí rẹ̀ ń kan abọ́, tèmi náà ń kan abọ́, títí káàdì fi tán.